Àwọn ibùdókọ̀ ojú irin kéékèèké lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn: èyí tó wúlò àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá ń lọ tààrà láti Èkó sí Ìbàdàn kì í ní ìṣòro púpọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tuntun. Á wọ̀ ọ́ ní Èbúté-Mẹ́ta, á sọ̀ ní Mọ́níyà, ó parí. Àwọn ibùdó kéékèèké tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ wà lára wọn: Kájọlà, Papalanto, Ọlọ́dọ̀ àti Omi-Àdìó. Àwọn la fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn ará ìlú wọ̀nyí ni ojú irin yìí lè ràn lọ́wọ́ jù lọ, àwọn náà ni ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó ṣàlàyé fún. Ilé aláràbarà kọ́ ló ń mú kí ibùdó kékeré wúlò. Ohun méjì ló ń mú un wúlò: iye ọkọ̀ tó ń dúró níbẹ̀ lójúmọ́, àti bí èèyàn ṣe máa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láì náwó kọjá agbára.

Ojú irin yìí gùn tó kìlómítà 157. Ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà ló kọ́ ọ, Ààrẹ Muhammadu Buhari ló sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Ọ̀nà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà ọkọ̀ tó ń lọ kò ní láti dúró de èyí tó ń bọ̀. Ibùdó mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀: Àpápá, Èbúté-Mẹ́ta, Agége, Agbado, Kájọlà, Papalanto, Abẹ́òkúta, Ọlọ́dọ̀, Omi-Àdìó àti Mọ́níyà.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ló dé tí wọ́n gbé ibùdó jìnnà sí ìlú báyìí. Ìdí wà níbẹ̀, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Rélùwéè àtijọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, fẹ̀ ní mìlímítà 1067 péré láàárín irin sí irin. Irin tóóró bẹ́ẹ̀ máa ń lè ṣẹ́ kọ́nà, á yí òkè po, á wọ àárín ìlú lọ. Ìdí nìyẹn tí ibùdó àtijọ́ fi wà ní Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gan-an, tí ti Ìbàdàn sì wà ní Dùgbẹ̀. Irin tuntun fẹ̀ ní mìlímítà 1435, wọ́n sì ṣe é fún ọkọ̀ tó lè sáré dé 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba kọ́nà tó ká jù, kò sì fẹ́ òkè tó ga gọngọ. Àwọn ẹnjiníà ní láti fa ọ̀nà náà gbọọrọ, wọ́n gé òkè, wọ́n dí àfonífojì, wọ́n sì gba inú oko àti igbó lọ, nítorí pé wíwó ilé àárín ìlú á ti gbówó lórí jù. Ibi tí ọ̀nà bá sì gbà ni ibùdó máa wà. Ní Abẹ́òkúta, Láderin ni wọ́n gbé e sí. Ohun tí ọkọ̀ jèrè nínú eré, èrò ló ń san án padà lọ́wọ́ ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá.

Kí a tó wọ ọ̀rọ̀ ibùdó kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ orúkọ wà tó máa ń da èèyàn láàmú. Ní ọdún 2020, ìjọba fi orúkọ èèyàn ńláńlá sọ àwọn ibùdó wọ̀nyí. Kájọlà di ti Yẹmí Òṣínbàjò, Papalanto di ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, Ọlọ́dọ̀ di ti Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, Omi-Àdìó sì di ti Ládòkè Akíntọ́lá. Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, Mọ́níyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orúkọ èèyàn ni ẹ máa rí lára ilé ibùdó, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí ẹ bá sọ fún pé "ẹ gbé mi lọ sí Ládòkè Akíntọ́lá" lè gbé yín lọ síbi tí ẹ kò rò. Ẹ mọ orúkọ méjèèjì: orúkọ ìlú fún ẹni tó ń gbé yín, orúkọ èèyàn fún tíkẹ́ẹ̀tì àti pátákó.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Omi-Àdìó ni mo fi ṣáájú, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ọn. Ìlú yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Ẹ wò ó dáadáa lórí máàpù. Mọ́níyà wà ní àríwá Ìbàdàn, lọ́nà Ọ̀yọ́. Ó dára gan-an fún ẹni tó ń lọ sí Òjòó, Yunifásítì Ìbàdàn tàbí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Apata, Odò-Ọnà tàbí Òkè-Àdó, tó bá sọ̀ ní Mọ́níyà, ó ní láti gba Òjòó, Sángo àti Mọ́kọ́lá kọjá kó tó rí Dùgbẹ̀, àfi kó tún wá jókòó sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tó torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí ẹni yẹn bá sọ̀ ní Omi-Àdìó, ọ̀nà Abẹ́òkúta tààrà ló máa tẹ̀ lé wọ Apata, láì fojú kan Òjòó. Gbogbo apá ìwọ̀ oòrùn Ìbàdàn ni ibùdó yìí lè sìn. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ará Apata kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nítòsí wọn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni ọ̀nà tó so ibùdó mọ́ títì. Ẹ má fojú sí i pé ẹ máa rí mọ́tò ńlá tó ń dúró de èrò bíi ti Mọ́níyà. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ni, wọ́n sì mọ àkókò tí ọkọ̀ ń dé. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n lè ti bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ẹni tó bá ní ẹrù púpọ̀ tàbí tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kó ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀, kó gba nọ́ńbà rẹ̀, kó sì pè é nígbà tí ọkọ̀ bá kúrò ní Abẹ́òkúta. Á ti wà lẹ́nu géètì kí ẹ tó dé.

Papalanto ló ṣìkejì. Ìkòríta ni ìlú yìí. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sí Ìlaròó, ọ̀nà sì wà níbẹ̀ tó lọ sí Ṣágámù. Nítorí náà èrò ibẹ̀ ju ará Papalanto fúnra wọn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìlaròó wà nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò wà nínú rẹ̀, àwọn ará Yewa tó ń ṣòwò l'Ékòó náà wà níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù ni pé ẹni tó bá pàdánù ọkọ̀ ojú irin, tàbí tí ọkọ̀ náà bá já a kulẹ̀, ó ṣì lè jáde sí títì kó wọ bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe gbogbo ibùdó ló ní irú ìyẹn. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé ẹni tó bá ti Ìlaròó bọ̀ ní láti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ́hùn-ún kò ní gbéra àfi tó bá kún, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin kò ní dúró dè yín.

Ọlọ́dọ̀ ni ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù. Ọlọ́dọ̀ wà ní Ìbàdàn, lápá ọ̀nà Ìwó, ó sì gbajúmọ̀. Ibùdókọ̀ ojú irin kò sí níbẹ̀. Ọlọ́dọ̀ tí a ń sọ yìí wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, láàárín Abẹ́òkúta àti Omi-Àdìó. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun ti dé Ìbàdàn, inú oko ló máa bá ara rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti ará abúlé ibẹ̀ ni ibùdó náà wúlò fún, iye èrò wọn kò sì pọ̀, nítorí náà òun ló rọrùn jù láti yọ kúrò bí wọ́n bá fẹ́ kí ọkọ̀ yára. Kájọlà ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to wágọ́ọ̀nù ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Fún èrò lásán, kò tíì ní ohun tó pọ̀ láti fi fà wọ́n.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù: kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró ní gbogbo ibùdó. Èyí máa ń bí àwọn ará ìlú kéékèèké nínú, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò wà nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ tó fẹ́ dúró ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù láti ìwọ̀n kìlómítà kan sí méjì sẹ́yìn. Á dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ló ń fa kọ́ọ̀ṣì púpọ̀ tó wúwo, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sí eré tó ń sá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àròpọ̀ rẹ̀, ìdúró oníṣẹ́jú méjì ń jẹ ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ìṣẹ́jú lórí ìrìn àjò tó ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ ṣe ni pé kí ọkọ̀ kan láàárọ̀ àti ọ̀kan nírọ̀lẹ́ máa dúró níbi gbogbo, kí àwọn yòókù máa sáré kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan wọ́n dúró, ọjọ́ kejì wọn kò dúró, èrò á padà sídìí bọ́ọ̀sì, wọn kò sì ní padà wá mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ wo tábìlì àkókò ti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an. Ẹ má lo fọ́tò tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n máa ń yí àkókò padà, pàápàá nígbà ọdún àti ìsinmi. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojúlé Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà ní láti parí sí nrc.gov.ng, èyí tí kò bá parí síbẹ̀, ẹ sá fún un. Ẹ yan ibi tí ẹ ti máa wọ̀ kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ń lọ. Bí orúkọ ibùdó yín kò bá jáde fún ọkọ̀ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò dúró níbẹ̀, kì í ṣe pé íńtánẹ́ẹ̀tì yín kò dára. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín, kí ẹ sì mú káàdì náà dání. Bí bánkì bá yọ owó tí tíkẹ́ẹ̀tì kò sì jáde, ẹ má tún san án lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ìdáhùn bánkì tó padà dé. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìsanwó yẹn, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún wo ímeèlì yín, kí ẹ tó gbé e lọ síwájú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì náà sórí fóònù, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣe ségesège ní irú ibi tí àwọn ibùdó yìí wà. Owó kéékèèké lọ́wọ́ kò burú náà, torí pé POS lè kọ̀ níbi tí iná bá ti lọ.

Ìpele mẹ́ta ni ìjókòó: First Class, Business àti Economy. First Class ń gbà ju ìlọ́po méjì owó Economy lọ. Fún ẹni tó ń ti Papalanto lọ sí Abẹ́òkúta, mi ò rí ìdí kankan tí kò fi ní jókòó sí Economy. Mẹ́ta ni ìjókòó ní apá kan, méjì ní apá kejì, púpọ̀ nínú wọn sì kọjú síra. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú ọkọ̀, kó béèrè ìjókòó tó kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹni tó sanra tàbí tó gbé ọmọ lẹ́yìn, kó yan ibi oníjókòó méjì, nítorí ẹni tó bá wà láàárín mẹ́ta kò lè dìde láì yọ ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ẹ dé ibùdó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán ṣáájú. Wọ́n á wo inú ẹrù yín, wọ́n á wo tíkẹ́ẹ̀tì, èyí sì máa ń pẹ́ bí èrò bá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gbé bẹntiróòlù, gáàsì ìdáná tàbí ohun mìíràn tó lè gbiná wá. Wọn kò ní jẹ́ kó kọjá. Ẹ béèrè pèpéle tí ọkọ̀ yín máa gbà, nítorí ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ má ṣe sọdá lórí irin láé, ì báà jẹ́ pé ẹ kò rí ọkọ̀ kankan. Ọkọ̀ tí kò dúró ní ibùdó kékeré máa ń fi eré kọjá ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan tó láti ti ọmọdé ṣubú, awakọ̀ tó bá sì rí yín lókèèrè kò lè dá a dúró lójijì. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, kí ẹ sì dúró jìnnà sí etí pèpéle.

Ìdúró kúkúrú yẹn ni èrò ibùdó kékeré ní láti múra fún. Ní Èbúté-Mẹ́ta, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, ẹ lè wá kọ́ọ̀ṣì yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní Omi-Àdìó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà kọ́ọ̀ṣì lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pé ibo ni kọ́ọ̀ṣì náà máa ń dúró sí, kí ẹ lọ dúró níbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ẹ jìnnà sí i tí ọkọ̀ ti dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ wọ ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ gba inú ọkọ̀ rìn dé ìjókòó yín. Ọ̀nà wà láti kọ́ọ̀ṣì sí kọ́ọ̀ṣì. Ẹrù ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ọmọ, lẹ́yìn náà àgbà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀ náà, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ inú kọ́ọ̀ṣì pé ibẹ̀ lẹ ti ń sọ̀. Ẹni tó bá ń sùn tàbí tó wà ní ilé ìtọ̀ máa bá ọkọ̀ dé ibùdó tó kàn ni. Ẹ má sọ tíkẹ́ẹ̀tì nù kí ẹ tó jáde ní géètì.

Ìdádúró sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti apá Èkó. Láti Agbado wọ Èkó, ọkọ̀ Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ọkọ̀ Ìbàdàn jọ ń lo irin kan náà ni, ọkọ̀ ẹrù láti Àpápá tún wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́, tẹ̀yìn rẹ̀ á pẹ́. Ní apá oko, màlúù tó wọ ojú irin àti àwọn olè tó ń tú irin ìdè lára ọ̀nà jẹ́ wàhálà tó ń mú kí awakọ̀ dín eré kù. Dípò kí ẹ máa bèèrè pé "ìgbà wo ló máa dé?", ẹ bèèrè pé "ṣé ó ti kúrò ní Agége?" bí ẹ bá ń lọ sí Ìbàdàn. Bí Èkó lẹ ń lọ, ẹ bèèrè bóyá ó ti kúrò ní Mọ́níyà. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni òṣìṣẹ́ mọ̀ dájú. Èyí tó kù, ìméfò ni.

Fún ẹni tó bá ń ti ìlú kékeré lọ sí Ìkẹjà, Oṣòdì tàbí Mushin, kò pọn dandan kó dé Èbúté-Mẹ́ta. Kó sọ̀ ní Agége kó wọ Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Ìbàdàn kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, owó sì ní láti wà nínú rẹ̀. Ẹ ra káàdì yẹn ṣáájú, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìn àjò.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ fún kò pọ̀, kò sì gbówó lórí. Kí wọ́n kọ àkókò ọkọ̀ sára pátákó gbàǹgbà ní ìkòríta Papalanto àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Omi-Àdìó, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sí ibùdó. Kí wọ́n fi orúkọ ìlú sí i ní lẹ́tà tó tóbi tó orúkọ èèyàn. Kí wọ́n bá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ṣe àdéhùn pé kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ó kéré tán máa wà lẹ́nu géètì ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, kí iye owó dé títì sì wà ní kíkọ sára ògiri. Ní ti Ọlọ́dọ̀, kí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Èkó máa bi èrò léèrè kó tó gba owó: "Ọlọ́dọ̀ ti Ọ̀dẹ̀dá ni àbí ti Ìbàdàn?"